Àwo Méjì Lórí Tábìlì Kan

Ẹni tí ó bá dá wá jẹun lọ́sàn-án, ebi ni ó lé e wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni méjì bá jọ wọlé, tí wọ́n fa àga méjì súnmọ́ tábìlì kan náà, tí ọ̀kan sì ń sọ fún èkejì pé kí ó kọ́kọ́ lọ wẹ ọwọ́, alásè tí ó bá ti pẹ́ nídìí ìkòkò yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni ó mú wọn wá, oúnjẹ kàn bá ọ̀rọ̀ náà rìn ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń se oúnjẹ tà ní Bajulaiye, ní Ṣómólú, ní ìlú Èkó, Èkó Àrómisálẹ̀, Èkó ilé ọgbọ́n, níbi tí ìyá mi ti kọ́kọ́ gbé àdògán kalẹ̀ kí n tó gba ìgbakọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí léèrè ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi, n kò ní sọ pé ó kọ́ mi bí a ti ń ro ọkà, nítorí pé láti ilé ni mo ti mọ ìyẹn. Ohun tí ó kọ́ mi ni bí a ti ń bu oúnjẹ fún ẹni méjì tí ojú ọ̀kan wà nínú àwo èkejì.

Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, inú àwo kan ṣoṣo ni a ti ń jẹun, ọmọdé kò sì gbọdọ̀ na ọwọ́ sí ẹran títí àgbà yóò fi pín in. Àgbà pàápàá kò gbọdọ̀ jẹ gbogbo rẹ̀ tán, nítorí pé àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tí ó ní àti ẹni tí kò ní, inú ọbẹ̀ kan náà ni òkèlè wọn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ ti ya àwo sọ́tọ̀: tìrẹ nìyí, tèmi nìyí, olúkúlùkù ni yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye ọkà àti irú ẹran tí òun fẹ́, létí ẹni tí ó bá a wá. Báyìí ni ohun tí ènìyàn ti fi pamọ́ sínú àpò láti òwúrọ̀ yóò ṣe hàn gbangba lórí tábìlì ní agogo kan ọ̀sán. Ẹni tí ó ní kí a bu ọkà mẹ́ta fún òun pẹ̀lú ṣàkì, àbọ̀dì àti ògúnfe ti sọ bí ọjà ṣe tà fún un. Ẹni tí ó ní kí a bu ọkà kan pẹ̀lú pọ̀nmọ́ kan, tí ó sì yára fi kún un pé ẹran kì í wu òun jẹ tó bẹ́ẹ̀, ti sọ tirẹ̀ náà.

Ẹni tí kò bá mọ àdúgbò wa lè máa ṣe kàyéfì pé kí ní mú kí oníbàárà tí ń rìn ní méjì méjì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni ó fà á. Ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ tí a mọ Ṣómólú mọ́. Láti ojú ọ̀nà Bajulaiye wọ inú àwọn òpópónà kéékèèké tí ó yí i ká, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó ń dún láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹ̀rọ Kord àti GTO tí àwọn ará Jámánì ṣe, tí àwọn ará òkè òkun ti lò gbó kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ wa, tí àwọn ọmọ wa sì tún sọ di ọ̀tun. Bí iná ìjọba bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ yóò gba ariwo náà ṣe. Ẹni tí ń ta bébà wà lọ́tọ̀, ẹni tí ń gé e wà lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń ṣe pléètì, ẹni tí ń tẹ̀, ẹni tí ń ká a, ẹni tí ń fi ọ̀rá dán èèpo ìwé, àti ẹni tí ń dì í. Inú ṣọ́ọ̀bù tóóró ni olúkúlùkù wọn wà, iṣẹ́ kan ṣoṣo sì lè gba ọwọ́ gbogbo wọn kọjá kí ó tó di ìwé. Níbo ni ẹni méjì yóò ti jókòó dúnàádúrà nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀, níbi tí bébà ti gba gbogbo àga, tí íńkì sì ń dúró de aṣọ funfun àlejò? Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀. Lórí tábìlì mi ni wọ́n ti ń fẹnu kò lórí iye owó kàlẹ́ńdà bí ọdún bá ń parí lọ, pósítà olóṣèlú bí ìbò bá ń bọ̀, káàdì ìgbéyàwó, àti ìwé ètò ìsìnkú tí kò ní ìgbà. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, tí ọgbà rẹ̀ ní Àkókà kò sì jìnnà sí wa, a máa gbé ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ wá pẹ̀lú, wọn a sì máa fi ìka tí kò ní ọbẹ̀ ṣí ojú ewé rẹ̀. Láti ọdún 1859 tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ni òǹtẹ̀wé ti ń dá oko ebi nílẹ̀ Yorùbá, alásè ni ó sì ń bá a kórè rẹ̀.

Ọkà ni olórí oúnjẹ ilé mi. Mo mọ̀ pé wọ́n ń sọ pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, oògùn gan-an ni òṣìṣẹ́ ń wá, nítorí pé ẹni tí ó bá fi iyán di inú gírígírí yóò máa wá ibi tí yóò fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sí. Iṣu tí a bó, tí a bọ̀ nínú omi gbígbóná láìjẹ́ kí ó jinná, tí a fi sílẹ̀ sínú omi náà di ọjọ́ kejì, tí a sì sá sí oòrùn títí ó fi gbẹ kanrangandan, òun ni àwọn ará Òkè-Ògùn, ní Ṣakí àti ní Ìgbòho, ń lọ̀ di èlùbọ́ tí a ń rà ní Èkó. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ pa á, kí ó sì gbé e sí imú, nítorí pé àwọn kan a máa lu láfún, èyí tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, mọ́ èlùbọ́ iṣu, tí wọ́n á sì gba owó iṣu lé e. Èlùbọ́ kì í dúdú nínú àpò. Omi gbígbóná ni ó ń sọ ọ́ di dúdú. Nígbà tí omi bá hó kùtùkùtù ni kí a da èlùbọ́ sí i, kí a fi orógùn rò ó kíákíá kí kókó má baà ráyè jókòó nínú rẹ̀, kí a wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí a dé e kí ooru lè wọ ọ́ lára, kí a sì tún un rò títí yóò fi máa yọ̀ lọ́wọ́. Fún gbẹ̀gìrì, a óò bó èèpo ẹ̀wà kúrò, a óò sè é títí yóò fi yọ́, a óò sì sẹ́ ẹ kí ó lè kúnná. Ewédú ní tirẹ̀, ìjábẹ̀ ni a fi ń já a, pẹ̀lú irú àti kán-ún díẹ̀. Ọbẹ̀ ata ni ó kẹ́yìn, ó sì tún ni ó ṣòro jù, nítorí pé òun ni oníbàárà kọ́kọ́ ń fi ahọ́n kàn.

Bí mo bá wo ìkòkò wọ̀nyí tì títí, ó máa ń yà mí lẹ́nu bí àwọn àjèjì ti pọ̀ tó nínú wọn. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni iṣu, ẹ̀wà, ọ̀pẹ àti igi igbá tí ń so irú. Ṣùgbọ́n ata rodo, tàtàsé, tòmátì àti ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá, lẹ́yìn tí Columbus ti gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1492, tí àwọn oníṣòwò Pọtogí sì ń gbé irúgbìn kiri etí òkun wa. Ataare àti iyèré ni ó ń ta ẹnu àwọn baba ńlá wa kí rodo tó dé. Ẹja tí mo ń lò ní tirẹ̀ kò rin ìrìn àjò kankan: àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n tẹ̀dó sí etí ọ̀sà ní Bàrígà, níbi tí a ti ń rí afárá ńlá tí wọ́n ṣí ní 1990 bí ó ti nà gbọọrọ lórí omi, ni wọ́n ń yan án fún wa.

Ìrẹsì wà pẹ̀lú, fún àwọn tí kò fẹ́ kí òórùn ewédú bá wọn padà sídìí kọ̀ǹpútà. Inú ọbẹ̀ ìrẹsì nìkan ni mo ti ń lo kọ́rì, ìyẹn lúúlú tí àtalẹ̀ pupa pa láró, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí lọ́dọ̀ àwọn ará Íńdíà, tí wọ́n sì gbé kiri gbogbo ibi tí àsíá wọn dé, tí òun àti táìmù kò sì fẹ́ jáde kúrò ní ìdáná wa mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù sọ fún mi pé bí ọ̀sán bá pọ́n, òyìnbó a máa fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí ilé oúnjẹ àwọn ará Íńdíà tí ó bá wà ní àdúgbò rẹ̀, kí wọ́n lọ jẹ ọbẹ̀ kọ́rì àti ìrẹsì, gan-an gẹ́gẹ́ bí àwọn òǹtẹ̀wé ti ń wọlé tọ̀ mí wá. Kì í sì í ṣe àṣà àná lọ́dọ̀ wọn, nítorí pé láti ọdún 1810 ni Sake Dean Mahomed, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, ti ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ nítòsí Portman Square, tí gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn láàárín ọdún méjì. Veeraswamy tí wọ́n ṣí ní 1926 ní òpópónà Regent ni ó wá rí ọjọ́ ayé lò. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí rí: ẹni tí ó kọ́kọ́ dá iná kọ́ ni ó ń yá a pẹ́. Ṣùgbọ́n ní tèmi, n kò ní fi kọ́rì kan ata tí a ó fi jẹ ọkà láéláé. Irú ni ó ni ilé náà, kò sì yẹ kí a mú àlejò wá sùn lórí ẹní baálé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ ìgbakọ. Nígbà tí ọ̀gá bá mú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá, tí mo sì bi ọmọ náà léèrè ohun tí yóò jẹ, yóò wo ọ̀gá rẹ̀ lójú, yóò ní, "Ohun tí ọ̀gá bá rà fún mi ni, Mà." Ọmọ tí ó ti gbé bébà láti òwúrọ̀ ni ọmọ yìí, òun gan-an ni ebi ń pa jù, síbẹ̀ ìwà ọmọlúàbí kò gbà pé kí ó dá ẹnu lé ògúnfe. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé ẹran ọ̀gá yóò wà lórí, níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i, nítorí pé iyì ni ó ń rà. Ṣùgbọ́n ọkà ọmọ náà yóò tóbi díẹ̀ ju iye tí a kà sí i lọ́rùn, ẹran rẹ̀ yóò sì wà nísàlẹ̀ ewédú, kí ó lè máa bá a pàdé díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń jẹ ẹ́ lọ. Bí ẹ bá sì rí i tí ọ̀gá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ẹran nínú àwo tirẹ̀ sínú ti ọmọ, nínú ohun méjì, ọ̀kan ni: yálà ọjọ́ ìgbòmìnira ọmọ náà ti súnmọ́lé, tàbí kí ó jẹ́ pé iṣẹ́ àṣemọ́jú ń dúró dè é lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ti oníṣẹ́ àti ẹni tí ó gbé iṣẹ́ wá yàtọ̀ pátápátá. Òǹtẹ̀wé tí ó gbọ́n kì í jẹ́ kí àlejò rẹ̀ sanwó, kì í sì í jẹ́ kí ó béèrè ohun kékeré, nítorí pé bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Mo ti rí àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ojú líle wọlé pé àwọn kò ní san ju iye báyìí lọ, tí ìgbín méjì sọ ohùn wọn di ti àna, tí wọ́n sì fi owó àsansílẹ̀ lélẹ̀ kí wọ́n tó mu omi. Ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Àwọn oníbàárà tí wọ́n ti mọ èyí, àwọn ọlọ́jà láti Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú pàápàá, omi inú ọ̀rá nìkan ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Ìgbà tí wọ́n bá ti parí iye owó tán ni wọn yóò tó ká apá aṣọ sókè. N kì í dá sí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé oníbàárà mi ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n mo máa ń mọ̀ láti ìdí ìkòkò ẹni tí yóò jàre.

Èyí tí ó gba ọgbọ́n jù ni ti ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ nígbà kan, tí ọ̀nà ọ̀kan là, tí ti èkejì sì ń fà sẹ́yìn, tí ẹni tí tirẹ̀ fà sẹ́yìn sì ti búra nínú ara rẹ̀ pé òun yóò san owó oúnjẹ òun fúnra òun. Àwọn ọmọbìnrin tí ń bá mi ṣiṣẹ́ mọ̀ pé òfin kan wà tí n kò gbà kí wọ́n rú: wọn kò gbọdọ̀ lọgun oúnjẹ láti ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá kígbe pé "Ọkà kan, pọ̀nmọ́ kan!" sí mi láàárín èrò, wọ́n ti tú ọmọ ọlọ́mọ sí ìhòòhò. Kí wọ́n rìn dé ọ̀dọ̀ mi, kí wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Nígbà náà ni èmi yóò mú àwo kòtò tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀, kí ọkà kan lè dúró gẹ́gẹ́ bí méjì nínú rẹ̀. N óò gé pọ̀nmọ́ kan náà sí ọ̀nà mẹ́ta kí ó lè tàn ká. N óò da gbẹ̀gìrì àti ewédú sí i dáadáa, nítorí pé àwọn yẹn kò gbówó lórí tó ẹran. N óò sì fi ènì kan sí abẹ́ rẹ̀, ẹ̀dọ̀ tàbí ọ̀rá, láìwí nǹkan kan. Ènì tí a bá kéde rẹ̀ ti di sàárà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ olówó kò ní mọ̀. Òun gan-an yóò mọ̀, kò sì ní sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ owó lọ́jọ́ mìíràn, kò ní lọ sí ilé oúnjẹ ẹlòmíràn lọ jẹ ẹ́.

Ní ti ọmọkùnrin tí ó mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá, kò gba ọgbọ́n kankan: ọmọbìnrin yóò jẹ díẹ̀, ọmọkùnrin yóò sì jẹ ìyókù.

Ọgbọ́n ìgbakọ yìí ti wá nira ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ni owó ọkọ̀ ti fò sókè, tí owó náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí rẹlẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Tòmátì tí ń ti Kánò bọ̀ àti àlùbọ́sà tí ń ti Sókótó bọ̀ kì í sì í fi ẹsẹ̀ rìn dé ọjà Máìlì Túẹ́lùfù. Ní oṣù Keje ọdún 2024 ìjọba sọ owó oṣù tí ó kéré jù di ₦70,000. Ẹ jẹ́ kí a pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 26 tí ó wà nínú oṣù: kò pé ₦2,700 lójúmọ́, oúnjẹ ọ̀sán ẹni méjì tí ó ní ẹran gidi nínú yóò sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ, láìtíì wọ ọkọ̀, láìtíì ra búrẹ́dì fún ọmọ. Ìdí nìyí tí pọ̀nmọ́ fi di ọba. Ní 2022 ni ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ awọ ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Sàríà dá a lábàá pé kí a fi òfin de jíjẹ ẹ́, kí awọ lè tó fún àwọn tí ń fi í ṣe bàtà. Mo gbọ́ ọ nídìí iṣẹ́, mo sì rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò rí ẹran jẹ, tí a bá tún gba awọ lẹ́nu rẹ̀, kí ni bàtà tí ó wọ̀ yóò gbé e lọ jẹ?

Ọjọ́ Jímọ̀ a máa ní èrò tirẹ̀ lẹ́yìn ìrun, nígbà tí funfun aṣọ bá gba gbogbo ilé. Nínú oṣù Ramadan, ọ̀sán wa a máa dákẹ́, nítorí pé nínú ẹni méjì, ó ṣòro kí ọ̀kan má gbààwẹ̀, èkejì kò sì ní fẹ́ jẹun níwájú rẹ̀. Mo máa ń sún iná mi di ìrọ̀lẹ́ kí n lè bá àwọn tí yóò ṣínu pàdé.

Ó ku ìgbà tí a bá fẹ́ sanwó. Nígbà tí ó jẹ́ pé owó ọwọ́ ni gbogbo ènìyàn ń ná, ìjà dídùn ni: ẹni méjì yóò na owó sí mi lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan yóò máa ti ọwọ́ èkejì sẹ́yìn, yóò sì máa búra pé bí mo bá gba ti ọ̀rẹ́ òun, òun kò tún ní wá mọ́. Òfin mi ni pé ọwọ́ àgbà ni n óò ti gbà á bí ọjọ́ orí wọn bá jìnnà síra. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹgbẹ́, n óò gba ti ẹni tí ó kọ́kọ́ dìde, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ sanwó tọkàntọkàn kì í dúró fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí ìjọba ń pààrọ̀ bébà owó, tí owó sì wọ́n ju ẹran lọ nígboro, ni a kọ́ láti máa gba owó sínú báńkì. Mo kọ nọ́ńbà àkántì mi sí ara páálí, mo gbé e kọ́ sókè ìkòkò, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Láti ìgbà náà, olúkúlùkù a máa tẹ tirẹ̀ lórí fóònù láìsọ̀rọ̀, wọn a sì jọ dúró níwájú mi títí fóònù mi yóò fi dún. Nígbà mìíràn ti ọ̀kan yóò dé, ti èkejì kò ní tíì dé, ẹni tí tirẹ̀ kò tíì dé yóò máa wo ilẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sì máa wo òkè àjà. Mo máa ń sọ fún un pé kí ó máa lọ, pé mo ti rí i, yálà mo rí i tàbí n kò rí i. Títí di ìrọ̀lẹ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ a máa wọlé, èyí tí kò bá sì wọlé, mo ti kà á mọ́ owó èédú.